Òrùka ìgbéyàwó tó ní ìtumọ̀ tiwa: ibo ló yẹ kí àmì náà wà?

Ìbéèrè:

Oṣù mẹ́fà ló kù kí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ṣe ìgbéyàwó, a kò sì tíì fẹnu kò lórí òrùka. Èbúté kan ni a ti pàdé, níbi tí àwa méjèèjì ti dúró de ọkọ̀ ojú omi nínú òjò fún nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Mo fẹ́ kí a fín ìgbì omi yí òrùka méjèèjì ká lóde, kí a sì fi òkúta ópálì sí orí tèmi, nítorí pé oṣù kẹwàá ni wọ́n bí mi, ópálì sì ni òkúta oṣù náà. Òun ní òrùka tí kò ní iṣẹ́ ọnà kankan lára ni òun fẹ́, pé òrùka kì í ṣe ìwé ìtàn, àti pé ìdí ẹ̀rọ ni òun ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìyá mi náà ti kó wúrà àtijọ́ rẹ̀ fún mi pé kí a yọ́ ọ fi ṣe òrùka. Ṣé dandan ni kí òrùka ọkọ àti ti ìyàwó bára mu? Ṣé kí n takú ni, àbí kí n fà sẹ́yìn?

* * *

Ọdún 19 rèé tí mo ti ń rọ òrùka, òrùka ìgbéyàwó ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba ọwọ́ mi kọjá, nítorí náà mo ti jókòó sí àárín irú àríyànjiyàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Arábìnrin, ẹ̀yin ni mo ń dá lóhùn, ṣùgbọ́n n ó tún máa fèsì fún àwọn òǹkàwé tó ti kọ̀wé dá sí ìbéèrè yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò ni pé kì í ṣe bóyá kí òrùka ní ìtumọ̀ tàbí kó má ní ni ẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín fà. Ibi tí àmì náà yóò wà ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin fẹ́ ẹ lóde, níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i. Òun kò fẹ́ ẹ lóde, ẹnikẹ́ni kò sì tíì bi í bóyá ó fẹ́ ẹ nínú.

Àwọn tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ báyìí sábà máa ń pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gbà pé òrùka tí kò sọ ìtàn àwọn tó wọ̀ ọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn kàn mú lórí àtẹ, pé kí a fín gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wa sí i. Àwọn kejì gbà pé bí òrùka ṣe rí róbótó yẹn ti tó ní àmì, pé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin, ohunkóhun tí a bá tún fi kún un, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú wọn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Bí àmì ara òrùka ṣe yẹ kó rí lójú tèmi nìyẹn: ohun kékeré kan tí ẹni méjì péré lè kà tán.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń fín ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kúkúrú sí ara òrùka kan tí wọ́n ń pè ní posy. Òde ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń wà níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹrìndínlógún sí ìkẹtàdínlógún, ó ti wọlé sínú òrùka, níbi tó ti ń kan ara ẹni tó wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn rí i. Mo rò pé ẹnìkan láyé ìgbà náà ti ní irú awuyewuye tí ẹ ń ní yìí, ó sì rí ọ̀nà àbáyọ.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ópálì kíákíá, nítorí pé kò gba àlàyé gígùn.

Láti 1 dé 10 ni a fi ń wọn bí òkúta ṣe le tó lórí òṣùwọ̀n tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní ọdún 1812. Dáyámọ́ǹdì jẹ́ 10, sàfáyà àti rúbì jẹ́ 9, ópálì sì wà láàárín 5.5 sí 6.5. Ohun tó mú kí èyí ṣe pàtàkì ni pé quartz, tó máa ń wà nínú eruku lásán, jẹ́ 7. Òkúta tí kò bá tó 7, bí ẹ bá ń fi aṣọ nù ún lójoojúmọ́, ẹ̀ ń ha á lójoojúmọ́ ni. Omi tún wà nínú ópálì gan-an, ó sì lè là bí ó bá gbẹ jù tàbí bí ó bá ti inú ooru bọ́ sínú òtútù lójijì. Ohun ọ̀rùn tàbí yẹtí ló dára fún. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ òkúta oṣù kẹwàá, tourmaline náà wà fún oṣù yẹn, ó sì wà láàárín 7 sí 7.5, ó lè fara dà á bí a bá rì í mọ́ inú wúrà kí orí rẹ̀ má yọ síta.

Ẹnìkan yóò sọ fún mi pé émírádì ni Albert fi sí orí òrùka àdéhùn tí ó fún Victoria, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1839. Òótọ́ ni. Ejò ni òrùka náà, èyí tó dúró fún ìfẹ́ ayérayé nígbà náà, émírádì tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ òkúta oṣù karùn-ún, oṣù tí wọ́n bí obìnrin náà. Òrùka tó ní ìtumọ̀ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi í sí kì í ṣe ọwọ́ tó ń fọ aṣọ tàbí tó ń gbé ẹrù, émírádì sì máa ń ní ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ nínú tó ń mú kí ó tètè là bí ó bá gbá nǹkan.

* * *

A bi mí léèrè ohun tó burú nínú kí a fín òrùka yíká pátápátá. Ohun tí ojú mi rí ni n ó fi dáhùn.

Tọkọtaya kan wá sọ́dọ̀ mi níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Wọ́n ní gbólóhùn kan tí àwọn méjèèjì jọ ṣe fúnra wọn: «Ọ̀nà tí a jọ rìn ni ilé wa.» Wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yí inú òrùka ká kí ìparí rẹ̀ kan ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo wọn ìdíwọ̀n dáadáa, mo fi ọwọ́ fín in, ó sì wọlé láìku àlàfo kankan. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà gan-an. Ní ọdún kẹjọ, ìyàwó padà wá. Ó ti bímọ méjì, ìka rẹ̀ ti tóbi, òrùka náà sì ti há mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ọṣẹ ni a fi yọ ọ́. Bí a bá fẹ́ fẹ òrùka lójú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó kọjú sí àtẹ́lẹwọ́ ni a máa ń fi ayùn gé. A ó yà á díẹ̀, a ó fi ègé wúrà tuntun dí àlàfo náà, a ó jó o pọ̀, a ó sì fá a dán lóde àti nínú. Ayùn mi gba inú ọ̀rọ̀ «jọ» kọjá. Nígbà tí mo parí, mo tún un fín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn lọ́dún kẹjọ kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ lọ́dún kìíní, lẹ́tà méjèèjì náà kò sì jọ àwọn ìyókù mọ́. Ó gbé òrùka náà sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Láti ìgbà náà ni n kì í ti í fín ìsàlẹ̀ òrùka mọ́, ì báà ṣe inú tàbí òde. Mo máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin òrùka sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Bí alágbẹ̀dẹ wúrà tí ẹ bá lọ bá kò bá sọ èyí fún yín, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un. Òrùka tí wọ́n to òkúta yíká pátápátá kò sì ṣeé fẹ̀ lójú rárá lọ́pọ̀ ìgbà.

Ti ìgbì omi lóde: ìlà tí a bá fi laser kọ sójú wúrà lásán kì í jìn, fífara kan nǹkan lójoojúmọ́ yóò sì máa pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a bá fi irin ìfín gbẹ́ wọlé máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ohun tó wà nínú ló máa ń pẹ́ jù lọ, nítorí pé ìka rọ̀ ju tábìlì lọ.

* * *

Ẹnìkan nínú yín gbani nímọ̀ràn pé kí àfẹ́sọ́nà arábìnrin yìí lọ ra òrùka tungsten carbide, ohun líle kan tó jọ irin, nítorí iṣẹ́ rẹ̀, pé nǹkan kan kì í ha á. N kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìdí tí àwọn ẹlòmíràn mú wá.

Òótọ́ ni pé ó le: ó tó nǹkan bí 9 lórí òṣùwọ̀n Mohs, nígbà tí wúrà tí a kò pò mọ́ nǹkan kan kò ju nǹkan bí 2.5 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó le lè máà lè fara da gbígbá. Àwo le ju awọ lọ, àwo ló sì ń fọ́ bí àwọn méjèèjì bá já bọ́. Tungsten carbide kì í tẹ̀. Bí ohun tó gbá a bá lágbára tó, fífọ́ ló ń fọ́. A kò lè fẹ̀ ẹ́ lójú, a kò lè sún un kì, bí ìka bá yí padà, òrùka tuntun ni yóò rà, àmì tó wà nínú ti àkọ́kọ́ á sì di ohun àpótí. Ní ti ìbẹ̀rù tí àwọn kan ń tàn kálẹ̀, pé bí ìka bá wú, ìka ni àwọn dókítà yóò gé, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ̀mú tí wọ́n ń fún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ́ ọ kúrò, kì í sì í gba àkókò.

Ewu tó wà nídìí ẹ̀rọ kò kan irú irin tí òrùka jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá fi òrùka kọ́ ọwọ́, ó lè bó awọ àti ẹran ìka títí dé egungun, ó sì lè fa ìka náà tu. Bí iná mànàmáná bá wà nítòsí, irin ń gbé iná. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá yàn, kí ó máa bọ́ òrùka rẹ̀ kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ, kí ó so ó mọ́ ẹ̀gbà ọrùn níbi tí ẹ̀gbà ọrùn kò ti lè kọ́ nǹkan, tàbí kí ó fi í sílé, kí ó wọ òrùka silicone tó máa ń tètè já bí nǹkan bá fà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò fún yín nìyí, arábìnrin. Ẹni tí kì í bọ́ òrùka rẹ̀ kì í rí inú rẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ ọ lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń rí inú rẹ̀, nígbà tó bá ń yọ ọ́ àti nígbà tó bá ń wọ̀ ọ́ padà. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, òun gan-an ni àmì tó wà nínú yóò máa bá sọ̀rọ̀ jù.

* * *

Kúkúrú ni n ó ṣe èyí. Ẹnìkan béèrè nípa wúrà funfun. Rhodium, irin funfun kan, ni wọ́n sábà máa ń fi bo ojú rẹ̀ kí ó lè funfun báláú, ó sì máa ń ṣá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí a ó tún un fi bò. Bí ara yín bá máa ń yún yín tàbí tó máa ń pọ́n níbi tí irin olówó pọ́ọ́kú ti kàn án, ẹ béèrè bóyá nickel wà nínú àdàlù rẹ̀, kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n fi palladium ṣe dípò rẹ̀. Platinum kò nílò ohun ìbòjú, ṣùgbọ́n ó wúwo: òrùka kan náà yóò fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta wúwo ju ti wúrà káráàtì 18 lọ, ìyẹn wúrà tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ojúlówó. Àwọn kan fẹ́ràn ìwúwo náà. Àwọn kan kò lè sùn pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti àtẹ̀ka tí a fín sí ojú òrùka, àti ìlà ohùn tí kọ̀ǹpútà yà láti inú ọ̀rọ̀ «mo gbà», inú òrùka ni kí ẹ fi í sí bí ẹ bá fẹ́ ẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ìlà rẹ̀ jìn, nítorí pé ìlà tínínrín máa ń tètè lọ. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe ìlà ohùn. Ohùn ẹni méjì tí kò mọ ara wọn rí lè jọra lórí wúrà débi pé ẹni tó ni ín pàápàá kò ní mọ tirẹ̀ yàtọ̀. Ti àtẹ̀ka sàn jù, nítorí pé ẹni tó ni ín lè gbé ìka rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó sì fi wé e.

* * *

Ṣé dandan ni kí òrùka méjèèjì bára mu? Rárá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kọ̀wé pé bí wọn kò bá jọra, a kò mọ̀ pé ẹni méjì yìí ni wọ́n fẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo òrùka kan tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, tí wọ́n ń pè ní gimmel. Òrùka méjì tí a há mọ́ra ni, tí wọ́n máa ń di ẹyọ kan nígbà tí a bá pa wọ́n dé. Lórí púpọ̀ nínú wọn, ọwọ́ kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a bá sì ti pa wọ́n pọ̀, ọwọ́ méjèèjì á di ara wọn mú. Ọwọ́ ọ̀tún kò jọ ọwọ́ òsì, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa wò wọ́n tí kò ní mọ̀ pé wọ́n wá fún ara wọn.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà ṣe é rọrùn ju ìyẹn lọ. Mo máa ń yọ́ wúrà tọkọtaya pọ̀ nínú ìkòkò kan ṣoṣo, n ó dà á di ọ̀pá kan, n ó sì gé ọ̀pá náà sí méjì lójú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí ti ọkùnrin fẹ̀ ní mílímítà 5 láìní nǹkan kan lára, kí ti obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ní mílímítà 2 kí ó sì ní òkúta, kò sí èyí tó kàn mí mọ́. Mo ti rí ọkùnrin tó sọ pé òun kò bìkítà nípa òrùka, tó sì dìde dúró láti ibi tó jókòó sí nígbà tí ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọ̀pá wúrà náà, tó ń wo ibi tí yóò ti pín.

Nítorí náà, arábìnrin, ẹ má takú, ẹ má sì fà sẹ́yìn. Ẹ fi ojú òde òrùka tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ bi í nípa inú.

* * *

Ọ̀rọ̀ wúrà ìyá ni ó mú kí ohùn àwọn kan gbóná nínú yín, kò sì yà mí lẹ́nu. Àwọn kan ní ẹni tó bá yọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ wọ̀ ti pa ìrántí rẹ̀. Àwọn mìíràn ní wúrà kì í kú, pé iná kàn ń yí aṣọ padà fún un ni. Ohun tí mo gbà ni pé ohun tó ti já, tó ti ṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò tún lè wọ̀ mọ́, iná kò ṣe é ní ibi kankan. Ohun tó bá ṣì pé pérépéré, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbà ọwọ́ kan tí ọkùnrin kan gbé wá fún mi lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Wúrà tó mọ́ gan-an ni, ó sì rọ̀. Ní etí rẹ̀ kan, àwọn ojú àpá kéékèèké kan wà tí mo rò pé ibi tó ti gbá nǹkan ni. Mo yọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àbúrò rẹ̀ obìnrin wá, ó sì béèrè bóyá ẹ̀gbà náà ṣì wà. Eyín rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí eyín rẹ̀ ń hù, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló máa ń fà sí ẹnu. N kò lè fún un ní nǹkan kan padà. Ẹ jọ̀wọ́, kí iná tó kan ohunkóhun, ẹ jókòó ti ìyá yín kí ó sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ sì bi gbogbo ọmọ ìyá yín.

Bí ó bá wá ku èyí tí gbogbo yín gbà pé kí ẹ yọ́, ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀: 375 jẹ́ káráàtì 9, 585 jẹ́ káráàtì 14, 750 jẹ́ káráàtì 18; iye wúrà tó wà nínú ìdá 1000 ni nọ́ńbà náà ń sọ. Òǹtẹ̀ nìkan kò tó, ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá yọ́ káráàtì 9, a lè fi ṣe òrùka káráàtì 18. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gíráàmù 4 wúrà káráàtì 9 kò ní ju gíráàmù 1.5 ojúlówó wúrà nínú. Kí ó tó di káráàtì 18, a ní láti fi gíráàmù 6 wúrà tó mọ́ pátápátá kún un, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì di gíráàmù 10. Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú òrùka náà kò ní jẹ́ ti ìyá yín mọ́. Ohun mìíràn ni pé àwọn irin tí wọ́n fi jó ẹ̀gbà àtijọ́ pọ̀ lè mú kí wúrà tuntun ní ihò wẹ́ẹ́rẹ́ nínú tàbí kí ó máa là, àyàfi tí a bá kọ́kọ́ yọ́ ọ mọ́. Bí alágbẹ̀dẹ wúrà bá sọ èyí fún yín, kì í ṣe pé ó fẹ́ pààrọ̀ wúrà yín. Ẹ kàn ní kí ó wọ̀n ọ́n lójú yín ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ó sì dá èyí tó kù padà, títí kan ìyẹ̀fun tí ó fá.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju yíyọ́ lọ: kí a gé ègé kékeré kan lára ohun ìyá, tí kò tóbi ju orí ìṣáná lọ, kí a jó o mọ́ inú òrùka tuntun. Àwọ̀ rẹ̀ yóò yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òrùka, ẹ ó sì máa mọ ibi tó wà.

* * *

Ẹnìkan ní ọwọ́ òsì ló yẹ kí òrùka wà, nítorí iṣan kan tó ti ìka kẹrin lọ tààrà sí ọkàn. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni, wọ́n ń pe iṣan náà ní vena amoris ní èdè Látìnì, ṣùgbọ́n kò sí irú iṣan bẹ́ẹ̀ tó ya ìka yẹn sọ́tọ̀ sí àwọn ìka yòókù. Ní Jámánì, Pólàǹdì àti Rọ́ṣíà, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òrùka ìgbéyàwó sí. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé ó kan ìwọ̀n: ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń tóbi díẹ̀ ju èkejì lọ, nítorí náà, ẹ pinnu ọwọ́ tí ẹ fẹ́ kí a tó wọn ìka.

* * *

Arábìnrin tó béèrè ti kọ̀wé padà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun bi àfẹ́sọ́nà òun léèrè ohun tó rántí jù nípa ọjọ́ èbúté náà, òun sì rò pé òjò ni yóò dárúkọ. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní ọkọ̀ mẹ́ta ló ti kún tó kọjá láìdúró, pé nígbà tí ẹ̀kẹta kọjá ni obìnrin tí òun kò mọ̀ rí bú sẹ́rìn-ín, ni òun bá gbé agboòrùn òun sún mọ́ ọn.

Ẹ wò ó, ìgbì omi kì í ṣe tiyín. Gbogbo ẹni tó bá ti rí odò rí ló ni ín. Ọkọ̀ mẹ́ta tó kọjá yẹn, ẹ̀yin méjì nìkan lẹ ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín pé ìlà mẹ́ta ni kí ẹ fín sínú òrùka méjèèjì, ìlà lásán, láìsí lẹ́tà, láìsí ọjọ́ oṣù. Ẹ ní nígbà tí ẹ sọ èyí fún un, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì béèrè bí ìlà náà yóò ṣe jìn tó. Ẹ bá mi dá a lóhùn báyìí.

Kí òrùka náà nípọn tó mílímítà 1.8 ó kéré tán, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì jìn ní nǹkan bí mílímítà 0.4, kí ó lè pẹ́ láìjẹ́ pé ó sọ òrùka di aláìlágbára. Kí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ láti inú, kí wọ́n sì gùn dé etí òrùka ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àtàǹpàkò, kí àtàǹpàkò lè máa fọwọ́ kàn wọ́n láìwo ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n jìnnà sí ìsàlẹ̀ pátápátá tí ayùn lè gbà lọ́jọ́ kan. Kí a fá etí wọn kí ó kúnná, kí awọ má há sí i. Nínú tiyín, tourmaline kékeré kan lè rì sí ìparí ìlà kẹta, ègé wúrà ìyá yín á sì wà ní òdìkejì.

Bóyá ọwọ́ ni alágbẹ̀dẹ yóò fi rọ ọ́ ni, tàbí yóò kọ́kọ́ fi ìda ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí iná yọ́ ìda jáde kí wúrà sì wọ àyè rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn mí. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ní kí ó fi fàdákà ṣe irú rẹ̀ méjì. Ẹ wọ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, nínú ooru àti nínú òtútù, nítorí pé ìka kì í dúró sójú kan láti òwúrọ̀ di alẹ́, òrùka tó bá sì fẹ̀ máa ń há ju èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ ní ìwọ̀n kan náà. Kí òun náà máa bọ́ tirẹ̀ níbi iṣẹ́ kí ó sì máa wọ̀ ọ́ padà, kí ó lè mọ̀ bóyá ìlà náà ń kọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbé wọn padà lọ bá alágbẹ̀dẹ, kí ẹ fi ibi tó ta yín lára hàn án, kí ó tó fi iná kan wúrà ìyá yín.